Omi Agbára Abibou

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà fún Abibou lápá, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, ó ń wo ojú nọ́ọ̀sì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí obìnrin náà tú aṣọ ẹ̀rọ kúrò lápá ọ̀tún, tó lọ wé e mọ́ tòsì, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

"Bàbá, ogún lórí mọ́kànlá ni," Victoire wí. Victoire yìí ni nọ́ọ̀sì tó ń wọn tẹ̀nsíọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. "Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru gan-an."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín, Bàbá."

Abibou wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ògiri ló rí. Èèmọ̀ rèé! Abibou gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tí àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ní Oganla fi ń bú ọkọ wọn: "Wo Abibou, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kò níkùn, ìwọ ọmọ ogójì ọdún ń gbé tìẹ kiri bí aláboyún!" Ọkùnrin tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju kílò mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ, tí itan rẹ̀ le bí igi tó ń gbẹ́, tí kò fa sìgá rí, tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ká ní wọ́n sọ fún un pé ilé rẹ̀ ti jóná ni, ì bá tètè gbà gbọ́.

"Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́, Madáàmù," ó wí.

"Èèyàn mọ́kànlá ló ti wọ̀n láàárọ̀ yìí. Kò bàjẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn." Victoire ti ń kọ nǹkan sínú ìwé. "Mi ò lè fún yín ní sètífíkà fún eré kẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ padà wá lọ́la kí dókítà rí yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Bí ẹ bá lọ fi ẹ̀jẹ̀ yìí sáré, ẹ lè ṣubú sójú títì, kí ẹ má dìde mọ́. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Abibou gbọ́. Ó dúpẹ́, ó bọ́ síta, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì fi eré burúkú dé ilé láti fi han obìnrin tí kò sí níbẹ̀ pé irọ́ ló pa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́, kí ó lè yé yín ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ pọ́ńbélé ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kọ́kọ́ jí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ gùn. Kò tíì ga tó ìjókòó, ńṣe ló ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ abẹ́ ọ̀pá kó tó lè wà á. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tán, kẹ̀kẹ́ ló fi ń ru pákó bọ̀ láti Avrankou. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra alùpùpù, ó ní kí wọ́n máa gùn ún lọ, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún òun kò tíì jẹ epo rí.

Títí di òní, bó bá ti kírun àsùbáà tán, ọ̀nà Avrankou ló ń gbà. Kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti wẹ̀. Ní Ọjọ́rú, á so pákó ìrókò méjì mẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Missérété. Ó ní ẹsẹ̀ tí kò bá gbé ẹrù rí kò lè mọ adùn ọjọ́ tí kò gbé. Ọjọ́ Àìkú ni ti ẹgbẹ́ wọn, Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀ Yá, ọkùnrin méjìlá tí wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Wọ́n á forí lé Sèmè-Kpodji lọ bá atẹ́gùn òkun jà. Abibou ni àgbà wọn. "Fòfó" ni wọ́n ń pè é, bí àwọn Àjàṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ohun tí Fòfó bá sì sọ nípa kẹ̀kẹ́, abẹ gé e.

Ohun tí Fòfó sì máa ń sọ jù lọ ni ọ̀rọ̀ omi rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ó ń ru pákó bọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ṣubú sẹ́bàá ọ̀nà, kò lè ká orúnkún. Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà níbẹ̀ bu omi ọbẹ̀ tó níyọ̀ dáadáa fún un mu. Kò pẹ́ bí ẹni kírun òpó méjì, ara rẹ̀ dá. Ọjọ́ náà ni Abibou ti gbà pé òun rí àṣírí kan. Òógùn tó ń jáde lára, ṣebí iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀? Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́, àfi kó máa dá iyọ̀ náà padà. Ló bá gbé àpòpọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀: omi lítà kan, ṣíbí iyọ̀ kan, kúùbù ìsebẹ̀ méjì tí wọ́n rún dáadáa, àti ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Bídọ̀n kan, ìgò ike tó ń so mọ́ kẹ̀kẹ́, nígbà tó bá ń lọ, bídọ̀n kan nígbà tó bá ń bọ̀. Òun ló kọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ní Omi Agbára. Kafayatou ìyàwó rẹ̀ kàn ń pariwo ni, pé kúùbù ilé òun ń tán bí ẹni pé eku ń kó o lọ sóko.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ ni Jídé, ará Ìlaròó tó ń tún ara mọ́tò tó ti tẹ̀ ṣe, tó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Àjàṣẹ́. Jídé fẹ́ràn Abibou bí ẹni fẹ́ràn bàbá. Ní ọdún tó kọjá, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń ṣe ìmúra lọ́nà Missérété, Jídé kàn rọra tẹ̀ sí apá kan ni, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n mọ́, ẹsẹ̀ òsì pẹ̀lú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyanu náà ga débi pé èèyàn ò mọ ohun tí wọn ì bá sọ, ni wọ́n bá sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: ọwọ́ ayé ni. Abibou náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹnu kẹ́dùn lásán. Gbogbo Jímọ́ọ̀, bó bá ti kúrò ní mọ́sálásí, á gbé bídọ̀n Omi Agbára méjì lọ sílé Jídé ní Attakè, kí agbára ọmọkùnrin náà lè padà wá. Ọdún kan gbáko, kò yẹ Jímọ́ọ̀ kan.

Nítorí Jídé ni àwọn tó ń ṣètò eré kẹ̀kẹ́ àwọn àgbà ṣe fi òfin tuntun lélẹ̀ ní ọdún yìí: ẹni tí kò bá mú ìwé ìlera wá, kò gbọ́dọ̀ gùn. Ọdún méjì ni Abibou ti ṣe ipò kejì nínú eré náà. Ó ti pinnu pé òun ò ní pé ọgọ́ta ọdún láìgba ipò kìíní. Ìwé yẹn ló lọ gbà lọ́dọ̀ Victoire, tó bá èyí pàdé.

Ó gbìyànjú ẹ̀rọ kejì ní ilé oògùn kan. Mọ́kàndínlógún lórí méjìlá. Ó délé, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: ara òun ti rẹ̀ ni, agbára ń kúrò lára òun, ohun tí ẹ̀rọ ń rí nìyẹn. Kí ló wá ṣe? Ó rún kúùbù sínú bídọ̀n kẹta. Ọkùnrin tí ilé ń jó tó ń bu epo bẹtiróòlù pa iná! Kafayatou bi í pé ṣé ó ń ṣe ìnáwó ni, tí kúùbù páálí kan fi tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Abibou ti gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Nígbà tó di ẹ̀rọ kẹta, ó pe Chitou dání. Chitou télọ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéú. Kí n má purọ́, ọkùnrin náà tóbi. Bó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ikùn rẹ̀ á ti ṣíwájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó tó ogún ọdún tí Abibou ti ń fi ikùn yẹn ṣe ẹlẹ́yà. Ète Abibou ni pé bí ẹ̀rọ bá ka ogún fún òun, yóò ka ọgbọ̀n fún Chitou, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé ẹ̀rọ Àjàṣẹ́ ti ya wèrè.

Ẹ̀rọ ka ogún fún Abibou. Chitou na apá rẹ̀ tó tó itan ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ mí, ó mí, ó dúró.

"Méjìlá lórí mẹ́jọ," ni ọmọbìnrin ilé oògùn wí. "Ẹ kú ìtọ́jú ara, Bàbá. Tọ̀dọ́mọkùnrin ni ẹ̀jẹ̀ yín."

Subhanallahi! Abibou wo Chitou látòkè délẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un mọ Chitou ni. Ojú tì í, inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lo ń jẹ?" ó bi í nígbà tí wọ́n dé ìta.

"Ohun tí mi ò jẹ ni kí o bi mí. Láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti gbé màmá mi ṣubú sídìí ìkòkò ọbẹ̀, mi ò bá iyọ̀ ṣọ̀rẹ́ mọ́. Kúùbù kì í wọ ilé mi. Mo sanra lóòótọ́, ìyẹn náà ò dáa, àmọ́ iyọ̀ àti èmi ti jà."

"Iyọ̀!" Abibou rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ẹni tí kì í làágùn ni iyọ̀ ń bá jà. Èmi ń làágùn."

Ó gbọ́ ọ o. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó gbin ẹ̀fọ́?

Dípò kó ro ọ̀rọ̀ náà, èrò mìíràn ló wọ orí rẹ̀. Ó fa Chitou lápá lọ sábẹ́ igi.

"Ọ̀rẹ́, bá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Jókòó, na apá, sọ orúkọ mi, gba ìwé. Ó parí."

"Bí o bá wá ṣubú sójú títì ńkọ́? Èmi ni mo pa ọ́ yẹn."

"Mi ò ní ṣubú. Ọ̀rẹ́, mo ti pé méjìdínlọ́gọ́ta. Ọdún mélòó ló kù fún mi?"

Chitou bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Bí Chitou ṣe rí nìyẹn, ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ní ọjọ́ kejì ó mú ìwé náà wá, ó ká a sí mẹ́rin, kò sì wo ojú Abibou nígbà tó nà án sí i. Abibou kò ṣí i wò. Ó tì í sínú àpò.

Ọjọ́ eré pé, Ọjọ́ Àìkú kan. Ìkùukùu ọ̀yẹ́ bo Ouando, níbi tí eré ti máa bẹ̀rẹ̀, mọ́lẹ̀, ètè gbogbo èèyàn funfun. Àwọn àgbà ti tò, àwọn kan wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ wọn lára, àwọn ìyàwó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Abibou ti mu bídọ̀n kan kó tó kúrò nílé. Ẹsẹ̀ ń yún un. Ó lọ síbi tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé, ó nawọ́ ìwé rẹ̀, ó sì rí ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Victoire ni.

Abibou fẹ́ fa ìwé náà padà, ṣùgbọ́n ó ti wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Victoire ṣí i, ó kà á, ó gbójú sókè wo Abibou, ó tún kà á.

"Bàbá, kílò méjìdínláàádọ́fà lẹ jẹ́?"

Àwọn tó wà nítòsí yíjú sí wọn. Abibou dúró pẹ̀lú egungun àyà rẹ̀ tí wọ́n lè kà lójú aṣọ. Ẹnì kan fọ́n ẹ̀rín síta, ni gbogbo ibẹ̀ bá dàrú.

Victoire kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú àwọn ìwé tó ti gbà sílẹ̀. Ó yọ ọ̀kan: Moucharaf, oníṣẹ́ iná, ọmọ ẹgbẹ́ Abibou, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn iná tó ń so. Méjìlá lórí mẹ́jọ, kílò méjìdínláàádọ́fà. Ó yọ ọ̀kan sí i. Méjìlá lórí mẹ́jọ, kílò méjìdínláàádọ́fà. Ọ̀kan sí i, kílò dín kan, bóyá ó ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó lọ. Márùn-ún! Ọkùnrin gbígbẹ márùn-ún, ilé ìwòsàn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ara kan ṣoṣo.

Àsìkò yẹn gan-an ni Chitou yọ, nínú agbádá òfefèé, ó gbé àga rẹ̀ dání, ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Victoire ké sí i, "kílò mélòó lẹ jẹ́?"

"Méjìdínláàádọ́fà," ni Chitou dáhùn, nítorí wọ́n bi í.

Mo ti gbé Àjàṣẹ́ tipẹ́, mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ lówùúrọ̀. Abibou nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Chitou.

"Ọ̀rẹ́, ìwọ àti àwọn wo?"

"Moucharaf ló kọ́kọ́ wá, ó ń sunkún," Chitou wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nígbà tí mo ti ṣe é fún ọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún un? Òun ló sọ fún àwọn yòókù. Olúkúlùkù ní kí n búra pé mi ò ní sọ."

Victoire ti yọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní kí àwọn márààrún jókòó, tí wọn ò bá fẹ́ kí òun pe àwọn olùṣètò. Ó wọn ti ẹni àkọ́kọ́: méjìdínlógún. Ó wọn ti èkejì: mọ́kàndínlógún. Nígbà tó kan Moucharaf, mọ́kànlélógún ló bá a. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn ìyàwó ti sún mọ́ tábìlì, ọ̀kan sì káwọ́ lérí.

"Márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kan," Victoire wí. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ti yí padà. "Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Kí ni ẹ jọ ń jẹ? Kí ni ẹ jọ ń mu?"

Moucharaf gbé bídọ̀n rẹ̀ sókè. Kò gbé e bí ẹni tó jẹ̀bi, ó gbé e bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

"Kò sóhun búburú kan tí à ń mu, Madáàmù. Omi Agbára nìkan ni. Fòfó Abibou ló kọ́ wa."

Victoire tọ́ ọ wò. Ó tu ú sílẹ̀, ó tún nu ahọ́n rẹ̀. "Kí ló wà nínú rẹ̀?" Abibou fúnra rẹ̀ ló kà á fún un: ṣíbí iyọ̀, kúùbù méjì, ọsàn wẹ́wẹ́. Bó ṣe ń kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?" Ó sọ. "Láti ìgbà wo?" Ó sọ.

"Bàbá, iyọ̀ tó yẹ kí èèyàn jẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ ń mu kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò sọ pé iyọ̀ nìkan ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná ti wà nílé rẹ̀, ẹ̀yin ń fẹ́ ẹ fún un. Lójoojúmọ́." Ó wo àwọn ọkùnrin náà yíká. "Ǹjẹ́ ẹlòmíràn ṣì wà tó ń mu ún, tí kò sí níbí?"

Àwọn ọkùnrin náà ń wo bídọ̀n ọwọ́ wọn.

Abibou la ẹnu. Ohun tó dé bá a lákòókò yẹn, àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé àwọn rí i lójú rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ funfun ju ti ẹni tí ọ̀yẹ́ ń bá jà lọ. Ó di tábìlì mú. Jímọ́ọ̀, ìjẹta. Bídọ̀n méjì. Ọdún kan gbáko, kò yẹ Jímọ́ọ̀ kan.

"Jídé," ó wí. "La ilaha illallahu. Jídé!"

Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Victoire dá a dúró. Ó ní kò gbọ́dọ̀ gùn ún lónìí, kó fi ẹsẹ̀ rìn, kó rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kó sì padà wá bá òun. Bẹ́ẹ̀ ni Abibou ṣe ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti Ouando dé Attakè. Chitou gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n gbọ́ fèrè eré lẹ́yìn wọn, wọ́n gbọ́ tí èèyàn hó, Abibou ò wẹ̀yìn. Ó ń ka nǹkan lórí ìka. Ó kà á, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jímọ́ọ̀ méjìléláàádọ́ta ló wà nínú ọdún.

Adérónkẹ́, ìyàwó Jídé, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ mímu sọ́nà ẹnu ọkọ rẹ̀. Jídé jókòó sórí àga tí Abibou kàn fún un fúnra rẹ̀, èyí tó ní ìgbápálé fífẹ̀ ní ọwọ́ òsì. Bídọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àga. Ó ti kù díẹ̀ kó tán.

Bí Jídé ṣe rí i, ìdajì ojú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ẹ... ẹ gbà á? Ipò kìíní?"

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," Adérónkẹ́ wí. Ó ti ń dìde láti gbé àga fún un. "Ṣé eré ti parí ni? Ẹ ò lè gbà gbọ́, gbogbo òru ló ń bá mi sọ ọ́, pé òní lẹ máa gbà á."

Abibou gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri. Ó dúró níwájú Jídé, ọmọkùnrin tó fi ọdún mẹ́fà dàgbà jù. Lẹ́yìn náà ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Adérónkẹ́ figbe ta. Ó rò pé àìsàn ló gbé e ṣubú. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ó fẹ́ fà á dìde, ṣùgbọ́n Chitou, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pẹ̀lú òógùn lójú, mi orí sí i pé kó fi í sílẹ̀.

"Jídé, kì í ṣe ọwọ́ ayé," Abibou wí. "Ọwọ́ mi ni. Omi yẹn ni. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè. Wọ́n wọn gbogbo wa láàárọ̀ yìí, gbogbo àwa tí à ń mu ún. Èmi ni mo fún ọ kí o tó ṣubú, nígbà tí o ṣubú tán, èmi náà ni mo tún ń gbé e bọ̀. Mi ò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀. Dárí jì mí."

Jídé ń wò ó. Bóyá ó yé e, bóyá kò tíì yé e. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó dára, rọra kúrò lórí itan rẹ̀, ó lọ sí orí Abibou, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọdé nínú.

Wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Abibou pẹ́ níbẹ̀. Chitou yíjú sí ògiri. Adérónkẹ́ ṣì di ṣíbí mú, ẹ̀kọ ń kán láti orí rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára bídọ̀n.

"Tí ó bá ti di ọjọ́ Ajé, tiyín máa ń tán," ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Èmi ni mo máa ń po ti àwọn ọjọ́ yòókù. Kúùbù méjì lẹ ní kí n fi sí i, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́ta ni mo máa ń fi sí i, kó lè tètè dìde."